Ọdún Tí Ìyá Mi Di Abara Méjì

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nǹkan kan dún gbàù ní àgbàlá ilé ọmọ mi ní Houinmè, mo sì da tíì gbígbóná sí itan ara mi. Àpò rọ́bà ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni Ràmátù, ọmọ-ọmọ mi tó lóyún, fi abẹ́rẹ́ gún. Èéfín pupa rẹ́súrẹ́sú tú jáde nínú rẹ̀, ó bo igi máńgòrò, ó bo ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀, gbogbo ilé sì hó yèè. Ọkọ Ràmátù ń fò sókè, ó ń pariwo ní Faransé pé obìnrin ni ọmọ inú rẹ̀, obìnrin ni! Kí n tó nu tíì kúrò lára aṣọ mi, ẹnì kan ti na tẹlifóònù sí mi lẹ́nu pé kí n bá ọmọ tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀, kí ó lè gbọ́ ọ tó bá dàgbà.

Oyún tí kò tíì pé oṣù márùn-ún. Mo ti tẹlifóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n ní omijé ayọ̀ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí èmi gan-an ò mọ irú omijé tó jẹ́. Ọkàn mi ti padà sí Djègan-Kpèvi, àdúgbò tí mo dàgbà sí, sí ìgbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí oyún jẹ́ ohun tí gbogbo ojú ń rí, tí ẹnu kankan kì í pè.

Ilé alámọ̀ onípáànù ni ilé wa nígbà náà. Bàbá mi a máa ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró ẹ̀rọ rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi a máa ṣe ẹ̀kọ tà. Òórùn omi ògì kíkan ti wọ ara ògiri wa débi pé tí mo bá lọ sílé ẹlòmíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan sọnù nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn ògiri kúkúrú kan ni Súsánà, ọ̀rẹ́ mi, ń gbé. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n; Mùsùlùmí ni àwa. Orí ògiri yẹn ni àwa méjèèjì máa ń jókòó sí, a sì ti fi ìdí wa họ ọ́ títí ó fi ń dán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ṣí ìkòkò ògì, ó sì sáré jáde lọ bì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi gbé garawa, ó lọ pọn omi. Mi ò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tí kì í gbé ife tó fi mu omi kúrò nílẹ̀! Nígbà tó dé ìdí kànga, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yà fún un bí ẹni pé gómìnà ló dé.

Mo bi ìyá mi pé, “Màmá, kí ló ń ṣe yín?”

“Ibà ni.”

Mo bi bàbá mi. “Oòrùn ló pa á,” ni òun wí. Ibà ni àbí oòrùn? Mi ò mọ èwo ni kí n gbà.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, fi dé láti ilé rẹ̀ ní Akpro-Missérété pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti adìẹ kan. Kò sọ ọjọ́ tí yóò padà. Láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi pé, “Méjì ti lọ. Ẹ̀kẹta nìyí. Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn pàápàá gbọ́.” Bàbá mi ní, “Mo gbọ́, ìyá.” Méjì lọ síbo? Mo ka gbogbo ará ilé wa lórí ìka, gbogbo wa pé.

Ọ̀rọ̀ tó wá dà mí lórí rú jù ni èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan tó wá gba aṣọ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, “Wò ó dáadáa. Ó ti di abara méjì.”

Ara méjì! Mo wá ara kejì yẹn káàkiri. Mo wo ẹ̀yìn ìkòkò omi, mo ká ẹní sókè. Tí oòrùn bá ń wọ̀, mo máa ń wo òjìji ìyá mi bóyá yóò yà sí méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sùn, mo rọra ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo kà á: ẹsẹ̀ méjì péré. Nígbà tí kò yé mi mọ́, mo gun orí ògiri, mo sọ fún Súsánà. “Ìyá mi ti ní ara méjì, mi ò sì rí ìkejì.”

Súsánà ní àbúrò mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. “Inú ikùn wọn ló wà, ìwọ òpè yìí!” Ó sì sáré wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá Súsánà gbé àwo ọsàn wá. Akọrin ni nínú ìjọ wọn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀!” Àwọn oníbàárà tó wà lọ́dọ̀ bàbá mi gbọ́, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà gbọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, ó gba àwo náà, ó sì yára wọlé. Kò bá mi wí. Ìyá àgbà nìkan ló yí ojú sí mi, tó wò mí pẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi ń nu ewé tó fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n wá ọkọ̀, bàbá mi àti ìyá àgbà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Súsánà fà mí lọ́wọ́ wọ ilé tirẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mi dé. Mo ti gbà pé ẹnu mi ló ṣe é. Ní ilé-ìwé, olùkọ́ wa ní kí n ka ìwé Faransé, mi ò kà á. Ó ní kí n dojú kọ ògiri, kí n gbé ọwọ́ sókè, mo gbé e. Súsánà purọ́ fún un pé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Ìyá rẹ̀ gbọ́ irọ́ náà, ó sì ń fún mi ní oyin láràárọ̀. Nígbà míì mo máa ń rí i nínú ilé ìdáná tó ń nu ojú, mo rò pé èéfín ni. Mo ti di abilékọ kí n tó mọ̀ pé òun náà ń rò pé ohùn òun ló fà á. Inú ilé kan náà la wà, tí oníkálukú wa ń gbé ẹ̀bi kan náà, tí kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Ó tó ọjọ́ mọ́kànlá kí ìyá àgbà tó wá kó aṣọ. Ó bá mi lórí ògiri.

“Wọ́n ní o ò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. “Èmi ni mo sọ ọ́, Ìyá àgbà. Ẹnu mi ló pa á.”

“Ó pa ta? Ìyá rẹ ń bẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ń bẹ.”

Mo bú sẹ́kún. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní kí atẹ́gùn má gbọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. “Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bọ́ lára ìyá rẹ, gbogbo ọjà ló ti mọ̀. Kò lè ta ẹ̀kọ kan kí ẹnì kan má bi í pé, oyún ńkọ́? Ó ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sunkún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí à ń sá fún nìyẹn. Ẹnu ọmọdé kì í pa ọmọ.”

Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá mi gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀, nǹkan kan sì ta mí nípàá. Mo fa ọwọ́ yọ wàrà, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tó ti ń bì. “Ó ń kí ọ,” ló wí.

Bí a ṣe ń jáde, ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà mọ ìyá àgbà, ó bèèrè ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà ò ronú rárá. “Ibà ni,” ló wí, “ó ti ń lọ.” Mo wo ojú rẹ̀, ojú ọ̀nà ni òun ń wò. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì: pé ẹnu kì í pa ọmọ, àbí pé kí atẹ́gùn má gbọ́.

Oṣù ọmọ náà ò pé tí wọ́n fi bí i. Ọkùnrin ni, ó kéré bí ẹyẹlé, a sì ń fi òwú wé e. Ó yè. Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ìyá Súsánà wá, ó sì kọrin fún un jẹ́jẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò mi yẹn ti hu ewú báyìí, ó sì ṣì ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan. Súsánà bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Abidjan. A kọ lẹ́tà síra wa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a ò kọ mọ́. Wọ́n ti wó ògiri wa, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gíga rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má bi mí pé àṣà wo ló dára jù. Lọ́dún tó kọjá, Ràmátù ti kọ́kọ́ lóyún, ó sì ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Oyún náà wálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí fún un, mo rántí àwọn tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sórí tẹlifóònù rẹ̀, gbogbo wọn kà á, wọ́n sì wá. Àwọn kan gbé ìrẹsì wá, àwọn kan kàn jókòó tì í. Ìyá mi ò rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo rí Ràmátù lẹ́yìn tí wọ́n lọ, tó ń pa àwọn àwòrán oyún náà rẹ́ kúrò nínú tẹlifóònù, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò mọ èyí tó wúwo jù, tirẹ̀ tàbí ti ìyá mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo ń wí yìí, nígbà tí àlejò tú ká, Ràmátù wá jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ mi. Ó ti bọ́ bàtà. Gbogbo ariwo ọ̀sán ti kúrò lójú rẹ̀.

“Màmá,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. “Ṣé ẹ rò pé èyí máa dúró?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé yóò dúró. Irú ohun tí àgbà ń sọ nìyẹn. “Mi ò mọ̀, ọmọ mi,” ni mo wí. “Ẹ̀rù ń bà mí bó ṣe ń bà ọ́.”

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni pé ohun tó ti ń retí kí ẹnì kan sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ó gbé orí lé itan mi, mo sì gbé ọwọ́ lé e lórí.