Baba Minnígálì àti Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Ẹnu Ọ̀nà Mọ́ṣáláṣí

Wọ́n ní Baba Minnígálì, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ń sin pẹ́pẹ́yẹ nínú mọ́ṣáláṣí wa láyé àwọn Kọ́múnísìtì. Irọ́ ni o! Ọgbà ilé wa kan tirẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ẹnu ọ̀nà, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà, ni àwọn ẹyẹ náà ń gbé.

Ìjọba ti ti mọ́ṣáláṣí pa tipẹ́. Wọ́n ti fi ayùn gé ilé gogoro tí ládàánì ń gùn láti pèrun. Àárín òrùlé ni tàwa Tatar, Mùsùlùmí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, máa ń wà, nítorí náà òrùlé wá dà bí orí àgbàlagbà tí wọ́n já fìlà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún wá ku ìyókù: Fatkúlìn, alága oko ìjọba, sọ pé ilé òfìfo ni, kí wọ́n tú àwọn ìtì igi tí wọ́n fi kọ́ ọ, kí wọ́n fi kọ́ ilé màlúù.

Baba gbọ́. Ó kó gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn rẹ̀, àwọn tó ń bu ènìyàn jẹ bí ajá, lọ síbẹ̀.

Alága dé pẹ̀lú àwọn aláàáké. "Minnígálì, kí lèyí?"

"Ilé ti ní ayálégbé, alága. Ẹ ní kí wọ́n kó jáde."

Alága tẹ ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó padà sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a dé ibẹ̀.

Àfáà wa àgbà náà bínú. "Minnígálì, ọ̀kan nínú wọn wọ ibi ìkírun lánàá!"

"Àfáà, inú odò nìyẹn ti wà látàárọ̀ kó tó wọlé. Èwo nínú wa ló ṣe àlùwàlá tó o?"

Òtútù wá dé. Gbogbo ilé ń pa pẹ́pẹ́yẹ, àwa ọmọbìnrin ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, à ń tu ìyẹ́, à ń kọrin. A dé ọ̀dọ̀ Baba. Kò pa ẹyọ kan.

Màhírà ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Baálé mi, ṣé ọ̀dùnkún la ó máa jẹ títí yìnyín á fi yọ́?"

"Tí mo bá pa wọ́n, ilé tún dòfìfo nìyẹn. Ta ló ń se ọmọ ogun ara rẹ̀ jẹ?"

Ọ̀dùnkún ni wọ́n jẹ. Màhírà sì ń yọ́ da ọkà fún àwọn ọmọ ogun náà. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó rẹ alága, ó lọ gé igi tirẹ̀ nínú igbó.

Ọdún gorí ọdún, ayé yí padà, ìjọba Kọ́múnísìtì wó. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ilé gogoro tuntun sórí òrùlé mọ́ṣáláṣí, Baba ti darúgbó, kò lè dìde mọ́. A ti ibùsùn rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, mo gbé orí rẹ̀ sókè. Ó wò ó, ó wò ó, ó fajú ro.

"Ràzílà, ó fì sápá kan."

"Baba, kò fì o. Ó dúró ṣánṣán."

Ó tún wò ó. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"A jẹ́ pé èmi ni mo fì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."