Agolo Òrí Ìyá Àgbà

Tí mo bá ti gbọ́ òórùn òrí ní Ọjà-Ọba báyìí, ọwọ́ mi á kàn lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń fi òrí pa ẹsẹ̀ àbúrò mi tí egungun ti ń dùn láti àárọ̀. Màmá mi wọlé.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀, Mà. Wọ́n ti sọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ fún mi nílé àdúrà. Ẹ padà sí Ọ̀mù-Àrán lónìí."

Mo wo ẹsẹ̀ àbúrò mi. Mi ò rí àpá eyín kankan.

Ìyá Àgbà ò bínú. "Ìyàwó mi, Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ yìí ju èmi àti ìwọ lọ. Má bẹ̀rù mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù."

Bàbá mi ti ń kó ẹrù Ìyá Àgbà sínú ọkọ̀. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti màmá mi ni àìsàn náà ti wá.

Lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà na agolo òrí sí mi. "Máa bá mi fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọkọ̀ lọ. Nínú yàrá, àbúrò mi ń pe Ìyá Àgbà kí wọ́n wá fi òrí pa ẹsẹ̀ òun. Mo dúró ti agolo náà, mi ò lè fọwọ́ kàn án.