Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Olóṣù Méje

Ìkanra ni wọ́n fi mọ̀ mí ní wọ́ọ̀dù wa. Òṣogbo ni mo ti ń lọ síṣẹ́ ní Iléṣà, ìgbà tí mo bá sì fi máa rí ọkọ̀ wọ̀ ní Old Garage, orí mi á ti gbóná. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé là ń tọ́jú. Ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá kò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà ṣe dókítà. Mo ti lé bàbá ọlọ́mọ síta rí nítorí pé ó wúkọ́. Bí wọ́n bá ní èmi ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò ní gbà.

Oṣù méje ni ọmọkùnrin náà lò nínú. Ìyá rẹ̀ ò tíì lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá ìyá rẹ̀ ló wá láti Ìwàrà láti dúró tì wọ́n. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí ọmọ náà ti wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń mú un móoru. Ó ti ń gba wàrà ìyá rẹ̀ láti inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kì bọ imú rẹ̀. Èmi fúnra mi ti ń sọ pé èyí máa yè.

Ojoojúmọ́ ni màmá àgbà yìí ń bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní ara rẹ̀ ò tíì lè gba omi, òtútù ló ń pa irú wọn. Ó ní, "L'ulé wa, ọmọ tí a ò bá fi kànìnkàn wẹ̀ dáadáa, òórùn abíyá rẹ̀ ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n títí ó fi máa dàgbà." Kì í ṣe pé n kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá tèmi náà fi ọṣẹ dúdú bó àwọn ọmọ mi bí ẹni bó ẹ̀wà, èmi nọ́ọ̀sì ni mo sì gbé omi gbígbóná fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, màmá kúnlẹ̀ fún mi. Ewú kún orí rẹ̀, ó ju ìyá mi lọ dáadáa. Ara mi ò gbà á. Mo sáré fà á dìde, ẹnu mi sì ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Ó dáa, Màmá. Ẹ kàn fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, kíákíá." Èmi ni mo bu omi náà wá.

Wọ́n pè mí kí n wá gba ọmọ mìíràn lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí. Mo ní bí màmá bá ti nù ún tán, kó fi aṣọ wé e, kó dá a padà sínú àpótí. Nígbà tí mo dé, màmá ṣì ń na ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó ń fi òróró pa á lẹ́yìn ọrùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó mọṣẹ́. Ètè ọmọ náà ti dúdú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nini.

A gbé e padà, a fún un ní ọ́síjìn. Ó ń gbàgbé láti mí. Mo ń fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sí i nínú títí dókítà fi dì mí lọ́wọ́ mú ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ọmọ náà ti lọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ara ọmọ tutù. N kò kọ ohun tó mú un tutù. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Láti ọjọ́ náà, bí àgbàlagbà bá kúnlẹ̀ fún mi, mo máa ń jẹ́ kó wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Kí màmá tó lọ, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣé. Ìwọ lo jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́. Kò lọ bí ọmọ tí ò léèyàn."

Mo ní kò tọ́pẹ́, mo sì jẹ́ kó máa lọ láìmọ ohun tó mú ọmọ náà lọ.