Omi Tó Ń Kán Lọ́wọ́ Síkírá

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ kó wa lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Sípéènì kan ní Apápá. Wọ́n gbé àwo kéékèèké sáàárín tábìlì, wọ́n ní kí gbogbo wa jọ máa mú níbẹ̀. Òórùn edé tí wọ́n dín ló gbé mi padà sí Ajégúnlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, mò ń fi ilá elédé jẹ ẹ̀bà. Síkírá, ọmọ yàrá tó kọjú sí tiwa, ń kọjá lọ. Mo ní, "Wá jẹun," bí màmá mi ṣe kọ́ mi. Ó yẹ kó dáhùn pé, "Á gba ibi ire," kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ó lọ fọwọ́, ó wá jókòó tì mí.

Mo fa àwo mọ́ra. "Mo kàn sọ ọ́ lẹ́nu lásán ni jàre."

Ó dìde, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti yó tẹ́lẹ̀."

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé wọn ò tíì dáná nílé wọn láti ìjẹta.

Nílé oúnjẹ náà, ẹni tó jókòó tì mí ti àwo edé sọ́dọ̀ mi. "Mú níbẹ̀ nà."

Mo ní mo ti yó.