Ọ̀rọ̀ tí Bàbá ń sọ sínú kànga

Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá ibi fìdí lé, kí n sọ ti kànga kan fún yín.

Bàbá agbẹ́kànga ń rọra tú okùn sílẹ̀, àtùpà tí wọ́n so mọ́ ọn sì ń lọ sísàlẹ̀, ó ń kéré sí i, títí tó fi dà bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Bí iná yẹn bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Iná kò kú. Bàbá fa àtùpà sókè, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tẹ orí sẹ́nu kànga, wọ́n ní: "Ẹ̀rù ń bà mí o!"

Kànga náà dáhùn: "...bà mí o."

Ìyá onílé wa tàka dànù. "Ẹ má fẹnu yín pe nǹkan wá o! Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!"

"Ìyá, ẹ̀ ń kọ̀ ọ́, ẹ dúró lókè. Èmi ni mo ń wọ ihò. Àbí ká jọ pààrọ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá sọ̀ kalẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni Bàbá ń gbé nínú ilé wa n'Ígàndò. Kànga gbígbẹ́ niṣẹ́ wọn, òórùn kẹrosíìnì àti ilẹ̀ tútù kì í kúrò lára wọn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ti gbẹ́ kànga yìí tì, wọ́n sá lọ torí òkúta. Bàbá fúnra wọn kò gbẹ́ èyí tó jìn tó báyẹn rí.

Èmi náà ní ẹ̀rù tèmi. Lọ́jọ́ kejì ni mo máa ṣe ìdánwò àtiwọ girama, n'Ípájà. Kò sọ́mọ kankan nílé wa tó dé girama rí, dókítà ni mo sì fẹ́ dà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n ní: "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ! Sọ pé o ti yege." Mo bá panu dé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ò jẹ́ kí oúnjẹ lọ mọ́. Mo ti pinnu pé tílẹ̀ bá mọ́, màá ní ara mi ò yá.

Lọ́sàn-án, Bàbá gòkè, ẹrẹ̀ pupa bò wọ́n. Omi ò tíì jáde. Mo gbé omi mímu fún wọn.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ̀rù ń bà yín?"

"Gan-an ni. Tí mi ò bá sọ ọ́, á bá mi sọ̀ kalẹ̀, ihò ò sì gba ẹni méjì. Mo máa ń fi í sẹ́nu kànga ni, kí n gbé e tí mo bá gòkè." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kò tíì sẹ́ni tó jí i o! Ìwọ ńkọ́, tíkùn rẹ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Sọ ọ́ jáde, jàre. Ṣùgbọ́n n kì í sọ tèmi kí n lè padà sílé o. Mo ń sọ ọ́ kí n lè wọ ihò ni."

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo ki orí bọ inú báàgì mi, mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o!" Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Mo wọlé. Mi ò mọ ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo mọ ìkejì.

Nígbà tí mo délé, àwọn ará ilé ti gbé páìlì yí kànga ká. Omi ti jáde, omi pupa. Bàbá jókòó, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọn ò bi mí bóyá mo ṣe é dáadáa.

"Ṣé o wọlé?"

"Mo wọlé, sà."

"Ó tán."

Yunifásítì ni mo wà nígbà tí wọ́n kú. Ọmọ wọn obìnrin àgbà mú okùn, ó ń sá aṣọ lé e. Àbúrò wọn mú dígà àti ṣọ́bìrì, ìyàwó wọn mú àtùpà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ẹnu kànga, mo bá mú un.

Títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, màá tẹ orí sí bèsín tí mo ti ń fọwọ́, màá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé àdúrà ni. Wọ́n á ní, "Àmín, dókítà." Èmi á sì wọlé.