Imú Mọ́tò, Imú Baba

Baba ki ẹnu bọ ihò páìpù páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò kejì, ó sì fà á. Bó ṣe máa ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò nìyẹn. Bí ibì kan bá jò, á súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ìjórin, Baba á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Bí kò bá jò, páànù á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, kò súfèé, kò sì lẹ̀.

Jórinjórin ni Baba, aládùúgbò wa. Ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí ilé wa ní Àrámọkọ. Mùsùlùmí ni, onígbàgbọ́ ni àwa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá mi ní kí n máa wà títí òun yóò fi ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni dé. Orí táyà kan ni mo máa ń jókòó sí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi, tí òórùn irin jíjó àti òróró ẹ́ńjìnnì á gba gbogbo imú mi kan.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kọngílá kan tí ìjọba gbéṣẹ́ fún wá ha ọ̀dà ojú ọ̀nà wa kúrò, ó ní òun fẹ́ fi tuntun sí i. Ó ha á tán, ó kó katakata rẹ̀ lọ, kò padà. Mò ń là á mọ́lẹ̀ nítorí àwọn kan ti ń sọ báyìí pé bí ọ̀nà náà ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ọ̀nà tó dára ni wọ́n bà jẹ́. Wọ́n ṣèlérí pé ọkọ̀ omi yóò máa wọ́n ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ bá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ nìkan la máa ń rí i. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku pupa bo ewé kòkó, ó bo aṣọ tí a sá, ó wọnú ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ takisí tó ń ná Ìlógbò àti Ẹ̀fọ̀n ló kọ́kọ́ ké. Eruku ń dí fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ọkọ̀ ń kú sórí òkè. Baba yọjú wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀kan, ó ní, "Ibi tó ti ń mí ló rẹlẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ táyà ló gbé imú sí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe imú tuntun fún wọn nìyẹn. Á gé páànù, á ká a mọ́ ọmọ odó tí ìyàwó rẹ̀ olóògbé fi ń gúnyán nígbà ayé rẹ̀, á máa fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ títí yóò fi yípo. Á jó o pọ̀, á fi gíríndà họ ojú ìjórin, á fà á wò. Lẹ́yìn náà, á fi róbà so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ àpótí fílítà, á gbé òkè rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú dé orí ọkọ̀, níbi tí eruku kò ti pọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ ẹnu rẹ̀ sí, kí òjò má baà wọ̀ ọ́.

"Baba, ṣé ẹ fẹ́ sọ mọ́tò mi di erin ni?" Awakọ̀ kan tó sanra ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Bó bá di erin, ṣebí á lè gbé ikùn rẹ gun òkè Ẹ̀fọ̀n."

"Ẹ yáa ṣe ọ̀kan mọ́ imú tiyín náà. Ẹ̀ ń wúkọ́ ju mọ́tò mi lọ."

"Tèmi ò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè ṣí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mo ti rí omi àlùwàlá rẹ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, á gbé kẹ́tùlù, á fa omi símú, á fun ún jáde. Kí wọ́n tó ha ọ̀nà, omi lásán ló máa ń jáde. Nígbà tó yá, ó ń pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ bàtà oko. Baba á fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìyá mi fún un ní aṣọ tí yóò fi máa bo imú. Ó ń bò ó lóòótọ́, àmọ́ kò sí bó ṣe lè fa páìpù wò láìṣí i, eruku irin tí gíríndà họ sì wà nínú páìpù náà.

Páìpù awakọ̀ tó sanra yẹn ló ń fà lọ́jọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó tún un fà. Páànù kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Nǹkan dí i," ló wí.

Ó gbé e kọjú sí oòrùn. Mo fojú wo inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo sì rí ojú Baba ní òkè ketekete.

"Baba, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó fi nu inú páìpù náà, ó nù ún pẹ́, ó nu etí rẹ̀, ó wá nà án sí mi. "Bá mi fà á wò."

Mo fà á, mo tọ́ irin wò díẹ̀ lẹ́nu. Páànù lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi pinpin.

"Iṣẹ́ náà dára," ni Baba wí, ó sì jókòó sílẹ̀.

Mọ́tò awakọ̀ yẹn náà ló gbé Baba lọ sí ọsibítù ní Adó kí ọyẹ́ tó lọ. Èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Eruku ṣú bo gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Baba ló ń wúkọ́. Kí a tó dé Ìgèdè, òun náà kò wúkọ́ mọ́. Awakọ̀ ń wakọ̀ lọ, ó ń sunkún, mọ́tò rẹ̀ ń mí dáadáa.

Níbi ìsìnkú, ọkùnrin kan tó wá ṣojú àwọn aláṣẹ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mi ò gbà nígbà náà, mi ò sì gbà lónìí. Ọlọ́run kọ́ ló ha ọ̀dà. Ọlọ́run kọ́ ló wa katakata lọ, òun kọ́ ló sì ń dúró de àwọn àlejò kó tó wọ́n omi. Èèyàn ló ṣe é, wọ́n sì ń jẹun nílé wọn.

Èmi náà ń wa mọ́tò báyìí. Bí mo bá débi tí wọ́n ti ha ọ̀nà sílẹ̀, ìtọ́wò irin yẹn máa ń padà sẹ́nu mi, kì í pọ̀, nítorí pé Baba ti nu páìpù náà kó tó gbé e fún mi. Ó nu tèmi. Mo ṣì ń bi àwọn aláṣẹ pé ta ló nu tirẹ̀.