Ohùn Tí Àǹtí Ń Wá

"Àǹtí, kí lẹ máa ń wá ní balùwẹ̀ láràárọ̀?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin tó fi ìtìjú bi àbúrò ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, ẹni tó jẹ́ akọrin ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe. Akọrin ọ́pẹ́rà náà rẹ́rìn-ín. "Eyín mi ni mò ń fọ̀, ìyá olófìn-íntótó."

Irọ́ ni. Ohùn tó ga jù nínú orin rẹ̀ ló máa ń dán wò, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Bó bá jáde, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jìnnìjìnnì bò ó, ló bá ń dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó la ẹnu lórí ìtàgé, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

"Ẹ fi ipa omidan tí ẹ máa ń ṣe sílẹ̀," ni ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré wọn wí, "ẹ wá ṣe ipa ìyá rẹ̀."

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún kí Àǹtí rẹ̀ tó fi òótọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́ nínú yàrá ìmúra àwọn òṣèré. "Ohùn mi ni mò ń wá. Ó wà níbẹ̀ nígbà yẹn o, àmọ́ ẹ̀rù pé ó máa lọ ò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi, títí tó fi lọ lóòótọ́."